Irin Orí Ilé Kì Í Dúró Sójú Kan

Òrùlé koríko kì í dún. Oòrùn lè pa á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òjò lè bá a lójijì lọ́sàn-án gangan, kò ní fọhùn. Abẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn lápá Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé; bó bá di ilẹ̀ igbó, ewé gbòdògí ni. Àlùfáà Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa irú ilé wọ̀nyí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tó kọ parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. L'Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ koríko yìí ga débi pé ó ní ọdún tirẹ̀, ọdún Bẹẹrẹ. Lásìkò náà, àwọn ará ìlú àti àwọn tó wà lábẹ́ Aláàfin á ru ìdì koríko wá sí ààfin, kí wọ́n lè fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ẹni tó gbé koríko wá ti jẹ́wọ́ pé abẹ́ Aláàfin lòun wà. Òrùlé àti ìjọba wọnú ara wọn.

Koríko ń mú ilé tutù, kì í sì í bá igi tó gbé e jà. Okùn ni wọ́n fi ń so ó mọ́ igi, okùn sì máa ń gbà fún igi, igi á gbà fún okùn. Àmọ́ kò tọ́jọ́, àtúnṣe rẹ̀ kì í tán, iná sì ni ọ̀tá rẹ̀ tó le jù. Nínú ìlú tí agboolé ti fara kan agboolé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo koríko ti gbẹ fọnfọn, ẹta iná kan láti ibi ìdáná lè sọ àdúgbò kan di eérú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbẹ̀rù iná yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn wa na ọwọ́ gba páànù nígbà tó dé, kì í ṣe ọ̀ràn fàájì nìkan.

Ọmọ káfíńtà òrùlé ni mí. Ìbàdàn ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ń kan páànù sórí ilé alámọ̀ títí di ìgbà tí búlọ́ọ̀kù gba ìgboro. Èmi lọ ṣe tíṣà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ ìtàn páànù, wọ́n á ní àmì ọlà ni, wọ́n á ní ó mú ilé gbóná, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ. Èyí tí mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ rí ni èyí tó jẹ mí lógún jù lọ: àwọn káfíńtà wa gba irin àjèjì kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ìwà rẹ̀ fún wọn, wọ́n fi ojú, ọwọ́ àti etí kọ́ ìwà náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé irin orí ilé ń gùn bí oòrùn bá mú, ó sì ń súnkì bí alẹ́ bá lẹ́. Wọ́n kan òrùlé wọn bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí páànù ti wá kò gba àlàyé gígùn. Ní 1829, Henry Robinson Palmer, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá ilé iṣẹ́ èbúté Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́, gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ ebè àti poro sí lára. Irin tó bá fẹ́lẹ́ tó tún tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń rọ̀. Tí wọ́n bá ti tẹ ebè àti poro sí i, á le, á lè gbé ara rẹ̀ láti orí igi kan dé orí èkejì. Irin náà ń yára dógùn-ún, ṣùgbọ́n ní 1837, Stanislas Sorel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe lè ri irin bọ inú síńkì yíyọ́, kí síńkì bò ó. Nígbà tí góòlù fa èrò lọ sí Ọsirélíà ní 1851, páànù bá wọn lọ, nítorí ó ṣeé tò léra nínú ọkọ̀ ojú omi, kò sì gba àyè. Ní 1857 ni John Lysaght dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Bristol, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó ń kó páànù lọ káàkiri ayé.

Èkó kò pẹ́ kó tó rí i. Nígbà tí Richard Burton gba Èkó kọjá ní 1861, ilé onípáànù ni kọ́ńsù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé, Burton sì pè é ní pósí onírin nítorí bí àwọn kọ́ńsù ṣe ń kú níbẹ̀. Ibà ló ń pa wọ́n, a mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti sun inú yàrá tí páànù bò tí kò sì ní àjà rí mọ̀ pé aláìsàn tó bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹta ọdún kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà lọ́wọ́ òrùlé rẹ̀.

Àwọn tó sọ iṣẹ́ òrùlé di iṣẹ́ ọwọ́ ní Èkó ni àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tó padà bọ̀ láti Brazil pẹ̀lú iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n gba ọmọ iṣẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ gba ọmọ iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ń rìn wọ ìgbèríko.

Rélùwéè ló jẹ́ kí páànù máa rìn tẹ̀lé wọn. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọ̀nà irin náà láti Èkó, nígbà tó sì di 1901 ọkọ̀ ti ń rìn dé Ìbàdàn. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nípa ọ̀nà irin yẹn. Àwọn tó tẹ́ ẹ kò jẹ́ kí irin kan fara kan ìkejì pinpin. Wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sáàárín, wọ́n wá fi irin mìíràn dì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé oòrùn á mú irin náà gùn, tí kò bá sì rí àyè, á wọ́. Àlàfo yẹn ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbá lọ́kọ̀ọ̀kan tó fi ń dún kò-kò, kò-kò. Lórí irin tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ni wọ́n ti ń kó páànù wá fún wa, wọ́n sì dé pẹ̀lú páànù láìsí ẹni tó sọ fún wa pé òun náà ń fẹ́ àyè.

Owó kòkó ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ta kòkó tán, tó san gbèsè, tó fẹ́yàwó, ohun tó kàn ni pé kó ká koríko kúrò lórí ilé bàbá rẹ̀ kó fi páànù bò ó. Abúlé tí ilé onípáànù méjì bá wà, ará ìta á ti mọ ilé ta ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọkọ̀ ojú omi ṣọ̀wọ́n, páànù wọ́n gógó, àwọn tí òrùlé wọn ń jò sì ń fi àbùlẹ̀ lé àbùlẹ̀. Lẹ́yìn ogun, tí owó kòkó tún gbéra, àkókò yẹn gan-an ni bàbá mi jáde lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó máa ń sọ pé káfíńtà tó bá mọ iṣẹ́ nígbà yẹn kì í sinmi lọ́jọ́ Àìkú.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lábẹ́ páànù mọ ohùn tí mò ń wí. Bí oòrùn bá ti ga díẹ̀, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, á bẹ̀rẹ̀: pá! Á dákẹ́. Pá, pá! Bí kùrukùru bá bo ojú oòrùn lọ́sàn-án, á tún dún. Àmọ́ tòru ló ń ba èèyàn lẹ́rù. Gbogbo ilé ti sùn, kò sí atẹ́gùn, kò sí òjò, òrùlé á kàn ṣàdédé dún gbàá, bí ìgbà tí nǹkan wúwo bà lé e. Lásìkò ọyẹ́ ló ń pọ̀ jù.

Àwọn ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ẹyẹ àwọn àgbà ló bà. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ìyá àgbà kan ní agboolé wa á dìde jókòó lórí ẹní, á ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, a ò ṣẹ̀ yín o, ẹ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́." Àwa ọmọdé á fa aṣọ borí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí rẹ́rìn-ín, inú mi kì í sì í dùn sí i. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tó ti ń gbé abẹ́ koríko láti ìran dé ìran, tí òrùlé wọn kò dún rí, ṣàdédé bá ara wọn lábẹ́ ohun tó ń ké lóru láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wá ìdí ohun tí ojú ò rí. Ohùn náà jẹ́ ohùn gidi. Wọ́n sì ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: wọ́n mọ̀ pé lóru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere ló ń pọ̀, wọ́n mọ̀ pé ó ń pọ̀ lásìkò ọyẹ́. Méjèèjì rí bẹ́ẹ̀ gan-an, mo sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Gbogbo irin ni ooru ń mú gùn. Àwọn hóró kéékèèké tó para pọ̀ di irin, tí à ń pè ní átọ́ọ̀mù, kì í dúró jẹ́ẹ́. Ojú ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ti ń gbọ̀n. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni gbígbọ̀n náà ń le sí i, tí olúkúlùkù á sì máa ti ẹnìkejì rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń fi bọ́ọ̀lù irin kan àti òrùka irin kan hàn àwọn ọmọ. Bọ́ọ̀lù náà ń gba inú òrùka kọjá tó bá tutù. Bí mo bá fi sínú iná, kò ní kọjá mọ́ àfi tó bá tún tutù. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ará Leiden nílẹ̀ Họ́láńdì ni wọ́n fi ń pe òrùka náà, Willem 's Gravesande, tó kú ní 1742. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kí wọ́n gbójú sókè wo òrùlé kíláàsì.

Mítà kan irin ń gùn ní ìpín 12 nínú ẹgbẹ̀rún ìpín mìlímítà kan fún dígírì kan ṣoṣo tí ooru bá fi lé sí i. Ẹ óò ní kí lèyí já mọ́? Páànù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tó gùn ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta, lè wà ní dígírì 22 láàárọ̀ kùtùkùtù, kó sì di dígírì 62 bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá kàn án lórí. Ìyàtọ̀ dígírì 40 nìyẹn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: páànù kan ṣoṣo á gùn ní nǹkan bíi mìlímítà 1.4, á sì padà sí bó ṣe wà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lójoojúmọ́. Láàárín ogún ọdún, ó ti lọ ó ti bọ̀ ju ìgbà 7,000 lọ, ìṣó kan náà ló sì dì í mú ní gbogbo ìgbà yẹn.

Igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í sì í bá a lọ. Igi kì í gùn nítorí ooru tó irin. Tí a bá wọ̀n ọ́n ní òòró, kò tó ìdajì ti irin. Omi ni igi ń gbọ́ tirẹ̀: òjò á mú kó wú ní ìbú, ọyẹ́ á mú kó gbẹ. Ìṣó wá wà láàárín àwọn méjì tí wọn kì í gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí páànù bá fẹ́ lọ, ìṣó á dá a dúró. Páànù á máa kó agbára jọ díẹ̀díẹ̀, títí agbára náà á fi borí ìdè ìṣó, á sì yọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbàá! Ohùn tí wọ́n ń pè ní ẹyẹ nìyẹn. Lóru, bí kò bá sí kùrukùru, ooru ara páànù ń lọ sí ojú ọ̀run láìsí ohun tó dá a padà. Lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ tí òtútù òru sì jìnnà sí ooru ọ̀sán, ìrìn páànù ń gùn ju ti ìgbà òjò lọ. Àwọn ìyá wa gbọ́ ọ dáadáa.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ náà, nítorí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kan ìṣó mọ́ poro páànù. Orí ebè ni ìṣó ń gbé. Gbogbo èèyàn mọ ìdí kan: inú poro ni omi ń gbà kọjá, ihò inú poro á jò. Ìdí kejì ni ojúlówó káfíńtà fi ń yàtọ̀. Páànù kì í gùn ní òòró nìkan, ó ń fẹ̀ ní ìbú pẹ̀lú. Ní ìbú, ebè àti poro rẹ̀ ń ṣe bíi síkẹ́ẹ̀tì onípílíìtì, wọ́n á ṣí díẹ̀, wọ́n á tún pa dé, fífẹ̀ náà kò sì ní da ẹnikẹ́ni láàmú. Bí ìṣó bá wà lórí ebè, ebè náà á lè mì díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wà nínú poro, tó lẹ̀ mọ́ igi pinpin, ìmí ti tán.

Ní òòró ni iṣẹ́ wà. Níbẹ̀, kò sí pílíìtì tó lè gba fífẹ̀ náà mọ́ra, páànù gbọ́dọ̀ yọ́ lọ ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi rọ́bà sábẹ́ orí ìṣó. Bàbá mi a máa ra tíúbù táyà mọ́tò tó ti gbó, á gé e ní róbótó róbótó, á lu ihò sí àárín rẹ̀. Rọ́bà yìí ń dí omi, ó sì tún ń jẹ́ kí páànù rìn lábẹ́ ìṣó láìfi ara gbo irin sí irin. Bí ó bá ń kan ìṣó, etí ló fi ń mọ ìgbà tó tó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa gbá a lọ. Ó ní kí wọ́n wo rọ́bà. Bí rọ́bà bá ti wú létí díẹ̀, ó tó, kí wọ́n gbé òòlù kúrò. Ẹni tó bá gbá a títí rọ́bà fi tẹ́ pẹrẹsẹ tí ebè sì rì wọlé, á ní kó yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn ni pé, "Ẹ so ó, ẹ má dè é."

Ìyókù jẹ mọ́ bí páànù ṣe ń gun orí ara wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ebè kan àbọ̀ ni ìkan fi ń gun ìkejì. Ní òòró, ti òkè á bo ti ìsàlẹ̀ ní íńṣì mẹ́fà. Omi ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, síbẹ̀ ibi ìgunra yìí náà ni páànù ti ń rí ibi yọ́ sí. Òrùlé tó gùn ní mítà mẹ́sàn-án, tó ní páànù mẹ́ta lórí ara wọn, kì í ti gbogbo gígùn rẹ̀ sí ibì kan. Olúkúlùkù á gbọ́ tirẹ̀ ní ìgunra tirẹ̀. Bàbá mi kò fi mìlímítà wọn ohunkóhun rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìṣirò tí mo kọ sókè yẹn wá sílé láti yunifásítì tí mo kà á fún un, kò yà á lẹ́nu rárá. Ó bi mí bóyá ìwé náà sọ iye tí ìṣó fi gbọ́dọ̀ jìnnà síra. Kò sọ ọ́.

Ẹni tó bá gun òkè Mápó lọ síbi gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, tó bojú wolẹ̀ wo Ìbàdàn, á rí òrùlé tó ti pọ́n lọ rẹrẹ. Àwọn akéwì ti kọ nípa rẹ̀, àwọn ayàwòrán ti yà á. Àwọ̀ yẹn, tí gbogbo ayé fi mọ Ìbàdàn, ọwọ́ oòrùn wà nínú rẹ̀ lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Òjò àti ọdún ń jẹ síńkì ara páànù níbi gbogbo, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti máa ń kọ́kọ́ pọ́n ni etí ìṣó àti ibi ìgunra. Ibẹ̀ ni irin ti ń fi ara gbo nǹkan nígbà tó ń lọ tó ń bọ̀. Síńkì á hó kúrò, ihò ìṣó tó jẹ́ róbótó tẹ́lẹ̀ á di gígùn, omi á wọlé, ògùn-ún á bẹ̀rẹ̀, á sì máa ràn láti ibẹ̀. Bí ẹ bá rí páànù àtijọ́ níbi tí wọ́n fi ṣe ọgbà, ẹ wo ihò ìṣó rẹ̀. Èyí tí káfíńtà rere kàn, ihò rẹ̀ á ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó. Èyí tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, ihò náà á ti ya. Mo máa ń dúró wò wọ́n lẹ́bàá títì, mo sì máa ń mọ irú ọwọ́ tó kàn wọ́n.

Nígbà tí búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré dé, orí kó wa yọ níbì kan. Kọnkéré àti irin tí wọ́n ń tò sínú rẹ̀ ń fẹ̀ ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, gbogbo òpó àti dẹ́kì ìgboro ni oòrùn ì bá ti là. Àmọ́ àwọn tó fi símẹ́ńtì rẹ́ ara ilé alámọ̀ bàbá wọn kò rí irú oríire yẹn. Amọ̀ ń mu omi ó ń wú, símẹ́ńtì kì í bá a wú. Kì í pẹ́ tí símẹ́ńtì á fi máa já bọ́ ní bébà bébà.

Ní òde òní, alumíníọ́ọ̀mù ló gba òrùlé. Kì í dógùn-ún, ó fúyẹ́, ó sì lẹ́wà, wọ́n ń kùn ún láwọ̀ pupa ọtí wáìnì, láwọ̀ ilẹ̀, láwọ̀ dúdú. Inú mi dùn sí i pé àwọn ọmọ wa ń rí ilé tó mọ́ lójú kọ́. Síbẹ̀ àyà mi ń já nígbà mìíràn bí mo bá rí bí wọ́n ṣe ń kàn án. Alumíníọ́ọ̀mù ń gùn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin tó bá gba ooru kan náà: ìpín 23 sí 12. Tẹ́lẹ̀, páànù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́wàá la mọ̀. Báyìí, wọ́n ń gé lọ́ńgísípáànù kan ṣoṣo láti òkè òrùlé délẹ̀, mítà mẹ́wàá nígbà mìíràn, láìsí ìgunra kankan láàárín. Ẹ tún ṣírò: mítà mẹ́wàá, dígírì 40, ó lé ní mìlímítà 9. Ìlọ́po mẹ́fà ìrìn páànù bàbá mi, lórí ìdè kan náà. Àwọ̀ dúdú sì ń fa oòrùn mọ́ra ju funfun lọ, nítorí náà dígírì 40 lè má tó.

Ilé kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n kọ́ lọ́nà tó wu ojú, òrùlé rẹ̀ dúdú ó ń dán. Kò pẹ́ púpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò lójú ìṣó. Wọ́n pe ẹni tó fi ọ̀dà dúdú dí i. Ọ̀dà náà là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, torí páànù ṣì ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún pe òmíràn tó fi ìṣó kún ìṣó, ìyẹn ni pé ó tún dè é sí i, jíjò náà sì pọ̀ sí i. Onílé ń bú alumíníọ́ọ̀mù pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Mo wo òrùlé náà láti ìta: kò sí ohun tó ṣe alumíníọ́ọ̀mù náà. Ó ń ṣe ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn, kò kàn rí ibi ṣe é ni.

Ẹni tó wá tún un ṣe níkẹyìn jẹ́ ọmọdékùnrin kan, mi ò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo ní kó jẹ́ kí n wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó yọ gbogbo ìṣó àtijọ́ kúrò, ó pààrọ̀ àwọn páànù tí ihò wọn ti ya, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi díríìlì lu ihò tuntun sórí ebè. Ihò náà fẹ̀ ju ara ìṣó tó ń yí wọlé lọ, rọ́bà gbígbòòrò ló sì fi bò ó. Mo bi í pé ṣé omi kò ní gba ibẹ̀ wọlé. Ó ní, "Rárá, mà. Rọ́bà ló ń dí omi, ihò yẹn fún páànù ni, kó lè ráyè lọ ráyè bọ̀." Mo tún bi í pé tí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀, kí ni kò ní jẹ́ kó yọ́ wálẹ̀ pátápátá. Ó nàka sókè, síbi tí apá òrùlé méjèèjì ti pàdé. Ó ní ibẹ̀ nìkan lòun ti dì í pinpin, láti ibẹ̀ ni yóò ti máa nà wá sí ìsàlẹ̀, ìdí nìyí tí òun fi jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ kọjá ògiri dáadáa. Ó ní ọ̀gá òun ní Mọ́kọ́lá ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀gá náà kì í gbà kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan lọ́ńgísípáànù àfi tó bá ti kọ́kọ́ fi páànù onírin kọ́ṣẹ́.